Aago Méje Wọlé, Kàákíngbọ́ Jáde

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rò ó létí òkúta, òkúta á di ẹ̀gbẹ́ mú, á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kábíyèsí sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìlú ló rò pé iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ ṣe. Ẹja ni wọ́n ń wò. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ẹja pupa, ẹja aláwọ̀ ewé, ẹja onírù gbọọrọ, gbogbo wọn á máa lúwẹ̀ẹ́ kọjá lójú rẹ̀. Kábíyèsí á fọwọ́ lé àgbọ̀n, àwọn ìjòyè á sì máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ rọra. Wọ́n ń ronú."

Ibi tí ẹja ńlá kan ti fẹ́ gbé kékeré mì ni obìnrin kan ti wọlé, ọ̀pá funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá Atẹ̀wé ni, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tó tẹ̀ rí tí oníbàárà dá padà. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e wọ bàtà tó ń dán débi pé àjà ààfin hàn lára rẹ̀.

"Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Adúmáadán ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn."

"Ta ni Adúmáadán?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, Kábíyèsí. Mi ò lè la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ mi lòun náà. Ẹni tó ń ta sánsán lọ́fínńdà lẹ́yìn mi yìí."

Adúmáadán dọ̀bálẹ̀ ìdajì, kí ẹ̀wù rẹ̀ má baà kan ilẹ̀.

Ìyálóde, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, ní, "Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ó lé ọmọ mi jáde nílé."

"Yéè! Ọmọ ọdún mélòó?"

"Kì í ṣe ọmọ èèyàn, Ìyálóde. Kàákíngbọ́ ni. Ètò kan ni tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo bá tẹ̀, á kà á sókè kí n gbọ́. Ohun tí ẹlòmíràn bá kọ sí mi, á kà á. Òun ni mo fi ń ríran."

"Ilé wo ni wọ́n wá lé e kúrò?"

"Tiwa-n-Tiwa ni, Kábíyèsí."

Ọ̀tún wúkọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè dárúkọ lójú Ọ̀tún tí kò ní sọ pé òun mọ̀ ọ́n. "Áà, Tiwa-n-Tiwa! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ lọ síléèwé."

"Ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé fún àwa tí a ò mọ bàbá rẹ̀," Ìyálóde dáhùn.

Ìyá Atẹ̀wé fi ọ̀pá ti ara. "Kọ̀ǹpútà lásán dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán. Ògiri wà, òrùlé wà, ṣùgbọ́n kò sí àga, kò sí ìkòkò, kò sí fìtílà. Tiwa-n-Tiwa ni ẹrù tí wọ́n ń kó sínú ilé yẹn kó tó ṣeé gbé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni kan kọ́ ló ni ín, gbogbo wa la ni ín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó fún aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti fi ẹnu kò pé ẹrù náà ò gbọdọ̀ ju ohun tí fláàṣì kékeré kan lè gbà, kí ẹni tí kò rówó ra íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí i gbé kiri nínú àpò. Nítorí náà, ẹnì kan ló ní láti máa yan èyí tó wọlé àti èyí tó jáde."

"Ta ni ẹ fi ṣe é?"

"Adúmáadán. Òun ni Aṣàyàn. Kábíyèsí, ọ̀la ni ẹrù tuntun máa jáde. Ó ti yọ Kàákíngbọ́ kúrò. Wọ́n ti fún èmi ní tèmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí n dán an wò. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà mi ti yadi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì. Bó bá sì jáde lọ́la, gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ rí bíi tèmi, tó ń fi Tiwa-n-Tiwa jẹun, á wá bá mi jókòó sílé."

Ẹja kan kọjá lójú ẹ̀rọ. Kábíyèsí kò wò ó púpọ̀.

"Adúmáadán, kí lo rí sọ sí i?"

Adúmáadán tún ọrùn ẹ̀wù ṣe. "Kábíyèsí, mi ò lé ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ òrukàn ni mo bá nílẹ̀. Gbogbo ètò tó wà nínú Tiwa-n-Tiwa gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́, ẹni tó ń bójú tó o bí ara rẹ̀ ò bá yá. Kí n tó yan ẹrù, mo máa ń pe àwọn alágbàtọ́. Ẹni tó bá dáhùn, ètò rẹ̀ á wọlé. Ẹni tí kò bá dáhùn, ètò rẹ̀ ti di òrukàn, ó gbọ́dọ̀ jáde. Mo pe ìyàwó tó jẹ́ alágbàtọ́ Kàákíngbọ́. Ìyàwó ò dáhùn. Ṣé èmi ni kí n wá máa wẹ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ó tọ́!" Ọ̀tún fọwọ́ lu orúnkún. "Òfin lòfin!"

Ìyá Atẹ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi, báwo lẹ ṣe pè mí?"

"Bí mo ṣe pe gbogbo ayé ni mo ṣe pè ọ́. Mo gbé àwòrán sí ojúde ìpàdé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Àwòrán ta ni?" Kábíyèsí bi í.

"Àwòrán mi ni, Kábíyèsí. Mo na ọwọ́ sókè báyìí. Mo wá kọ ọ́ sára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà aláràbarà pé, 'Alágbàtọ́ tó bá ṣì wà láàyè, kó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi yìí.' Àwọn èèyàn gbádùn rẹ̀ gan-an."

"Kábíyèsí, ẹ bá mi gbọ́," Ìyá Atẹ̀wé ní. "Kàákíngbọ́ ń ka ọ̀rọ̀. Kò lè ka àwòrán, àfi bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìpè yẹn, mo wẹ̀, mo múra, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Kàákíngbọ́ ní, 'Àwòrán.' Mo dúró. Ó tún ní, 'Àwòrán.' Mo ní bóyá àwọn ọmọdé ló ń ṣeré níbẹ̀, àwọn àgbà ò tíì dé. Mo jókòó títí iṣan fi dì mí lẹ́sẹ̀. Kàákíngbọ́ ò yé ní, 'Àwòrán.' Àṣé wọ́n ti ń kéde òkú mi."

Kábíyèsí yíjú sí Adúmáadán. "Ìyẹn ni pé o na ọwọ́ sí ẹni tí kò ríran, o ní kó wá tẹ̀ ẹ́?"

"Kábíyèsí, ọwọ́ náà tóbi."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyálóde fi ìborùn nu ojú. "Ó ní ọwọ́ náà tóbi! Ẹ̀yin ìlú, ọwọ́ náà tóbi o!"

Adúmáadán kò mì. "Àti pé, kí ni wọ́n ń pariwo fún? Ẹni tó bá fẹ́ Kàákíngbọ́ lè lọ mú un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Kò le rárá. Bọ́tìnnì ńlá kan wà láàárín ojúewé, aláwọ̀ búlúù..."

"Aláwọ̀ kí ni, ọkọ mi?"

"Búlúù."

"Ẹ ṣeun. Ta ni yóò wá fi búlúù hàn mí?"

Ìyá Atẹ̀wé kọjú sí ìtẹ́.

"Kábíyèsí, ẹni tí iná kú mọ́ lójú ni wọ́n ń sọ fún pé ìṣáná wà ní kọ̀rọ̀, kó tanná wá a."

Àwọn ìjòyè kùn. Kábíyèsí béèrè ohun tí Aṣàyàn fi sí àyè Kàákíngbọ́.

"Aago ni, Kábíyèsí."

"Aago kan?"

"Méje."

"Kí lẹnì kan fẹ́ fi aago méje ṣe?"

"Wọn ò jọra, Kábíyèsí! Ọ̀kan ń kọ bí àkùkọ. Ọ̀kan jẹ́ ológbò, ìrù rẹ̀ ló ń mì. Ọ̀kan ń sọ aago tó lù lókè òkun, bí èèyàn bá ní ẹbí níbẹ̀."

"Ìwọ ní ẹbí níbẹ̀?"

"Mo ń retí láti ní."

"Ṣé aago kan náà ni gbogbo wọn ń sọ?"

"Rárá o. Ìdí tí mo fi kó wọn pọ̀ nìyẹn, kí oníkálukú lè mú èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Atúnfóònùṣe ló kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin tí ń da ẹrù Tiwa-n-Tiwa sínú fláàṣì fún gbogbo àdúgbò. Irin ìtúdè kékeré ṣì wà létí rẹ̀ bíi bírò.

"Kábíyèsí, ológbò yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ètò kan wà tí wọn kì í dá wá. Mo ní kí ológbò wọlé, ó ní òun ò lè mi ìrù láìsí ètò orin. Mo pe orin, orin ní òun ò lè kọrin láìsí ètò àwọ̀. Àwọ̀ dé, ó ní àbúrò òun tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ńkọ́? Ojú ọjọ́ wọlé, ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ dání. Kí n tó yíjú, mọ̀lẹ́bí ológbò ti kún inú fláàṣì, àwọn àna rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ibi tí àwọn máa sùn."

"Ìwọ ò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n yọ Kàákíngbọ́?"

"Mo sọ̀rọ̀, Kábíyèsí. Wọ́n ní kí n lọ máa tún fóònù mi ṣe."

"Irọ́ ni!" Ẹlẹ́rìí kejì ti dìde. Tíṣà ìṣirò ni, òun ni alágbàtọ́ gbogbo aago méjèèje. "Ìpàdé ló fọwọ́ sí i. Gbogbo ilé ló pàtẹ́wọ́."

"Ilé wo, Tíṣà? Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, ẹ̀yin sì ń sùn."

"Mi ò sùn. Mò ń ronú ni."

"Èèyàn lè máa ronú," Kábíyèsí yára sọ.

"Ta ló wá pàtẹ́wọ́?" Ìyálóde bi wọ́n.

Tíṣà wo Atúnfóònùṣe. Atúnfóònùṣe wo àjà.

"Aago ni," Tíṣà gbà. "Ọ̀kan nínú wọn máa ń pàtẹ́wọ́ bó bá lu méjìlá."

"Ìyẹn ni pé aago ló dìbò fún aago?"

"Ìyálóde, bí ẹ bá gbé e báyẹn, kò ní dùn ún gbọ́."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyálóde ò jókòó. "Èmi ò gbà pé torí aago nìkan ni. Èèyàn kì í torí ìrù ológbò ti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa. Atúnfóònùṣe, kí ló tún wà nínú ẹrù tuntun yìí?"

Ọkùnrin náà fa irin kúrò létí, ó tún kì í bọ etí. "Àwòrán Ọ̀gá Aṣàyàn tún wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń jí, àwọn lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìwúre wà lábẹ́ rẹ̀. Àbí kí n pè é ní oríkì."

"Oríkì!" Ìyá Atẹ̀wé fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Kábíyèsí, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀! Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ń pè é sókè, mo ń tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà kún inú ilé. Mo ní kí Kàákíngbọ́ kà á padà fún wa, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ sì mọ Kàákíngbọ́, kò mọ ẹ̀rín, kò mọ ìtìjú. Gbogbo ohun tó bá bá lójú ìwé ló ń kà, ọ̀rọ̀ àti àmì. Ó kà á bí ẹni tí ń ka orúkọ òògùn: 'Arẹwà. Àmì ìyanu. Ọlọ́gbọ́n tí ọgbọ́n ń sá fún. Àmì ìyanu. Àmì ìyanu. Òòrùn tí kì í wọ̀. Àmì ìyanu. Àmì ìyanu. Àmì ìyanu.' Ọkùnrin kan tó wá tẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀."

Adúmáadán fò dìde. "Ohùn irin yẹn ló bà á jẹ́! Kò fi adùn kankan sí i! Ọ̀rọ̀ tó dára bẹ́ẹ̀, ó ń kà á bí ẹni ń ṣẹ́ igi! Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, ṣé ó yẹ kó wà láàárín àwọn èèyàn iyì?"

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó jókòó.

"Ó ti jẹ́wọ́," Ìyálóde sọ jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n Adúmáadán ò tíì tán. Ó wo ìtẹ́, ó wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, Kábíyèsí. Mo lè dá a padà. Ṣùgbọ́n fláàṣì ti kún. Ẹrù kan ní láti jáde. Ẹ ò sì lè fa ológbò jáde lójijì, ó ti di òpó ilé. Bí ẹ bá fà á, orin á wó, àwọ̀ á wó, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Ẹyọ ètò kan ṣoṣo nínú Tiwa-n-Tiwa tó tóbi, tí kò bá ẹnikẹ́ni tan, ni..." Ó tọ́ka. "Ẹja yẹn."

Gbogbo ìjòyè yíjú sí ẹ̀rọ.

"Ẹja wo?" Ohùn Kábíyèsí ti wálẹ̀.

"Èyí tí Kábíyèsí fi ń ronú."

Kábíyèsí di apá ìtẹ́ mú. Ẹja pupa tí wọ́n fẹ́ràn jù ń bọ̀ láti igun, ó ń mi ìrù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tó ń padà bọ̀ wálé. Ọba ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tó tọ́. Àmọ́ ẹnu ń ṣe ti ẹ̀. "Ìyá Atẹ̀wé... ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀?"

Ìyá Atẹ̀wé kò bínú. Ó kàn ní, "Kábíyèsí, mo bẹ̀bẹ̀ ohun kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ di ojú yín, kí ẹ wá àwọn ẹja yín rí."

"Kí ló le níbẹ̀? Mo mọ ibi tí wọ́n wà."

Atúnfóònùṣe ki fláàṣì ẹrù tuntun bọ ẹ̀rọ ààfin. Ìyálóde bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú ọba, nǹkan tí kò sí nínú ìwé ìtàn ìlú kankan. Kábíyèsí na ìka, wọ́n tẹ ohun kan. Àkùkọ kọ. Wọ́n yára tẹ òmíràn. Àtẹ́wọ́ sọ gèè. Wọ́n tẹ ẹ̀kẹta láti fi pa ìkejì, ológbò ké ńyáù, orin bẹ̀rẹ̀, ohùn kan sọ pé òjò ń bọ̀, aago òkè òkun sì ń lu mẹ́ta òru ní ọ̀sán gangan. Ọ̀tún ti wà lábẹ́ tábìlì, ó ní òun ń wá gègé òun. Kábíyèsí ń fọwọ́ wá ọ̀nà kiri, ìka wọn ń tẹ àga, wọ́n ń tẹ orí Ọ̀tún.

"Ẹ dá a dúró! Níbo ni mo wà? Kí ló wà níwájú mi?"

"Ibi tí mo wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, Kábíyèsí," Ìyá Atẹ̀wé dáhùn.

Atúnfóònùṣe fa wáyà. Ohun gbogbo dákẹ́. Kábíyèsí tú ìborùn fúnra wọn, wọ́n dá a padà fún Ìyálóde, wọ́n sì jókòó. Ìgbà yìí, ìrònú ni lóòótọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Kí ẹja jáde." Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Kábíyèsí ni. "Kàákíngbọ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé ṣáájú gbogbo ẹrù. Kí ojú ẹ̀rọ tó mọ́lẹ̀ ni kó ti máa sọ̀rọ̀. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwòrán pe alágbàtọ́. Adúmáadán!"

"Kábíyèsí."

"Ìwọ ni alágbàtọ́ kejì Kàákíngbọ́. Bó bá wúkọ́, ìwọ ni wàá gbé e pọ̀n. Àwọn àna ológbò, wàá tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí aago á fi ku ẹyọ kan. Aṣọ á wà lójú ẹ̀rọ rẹ ní gbogbo ìgbà tó o bá ń ṣe é, Kàákíngbọ́ ni yóò máa fọ̀nà hàn ọ́."

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Àwòrán mi ńkọ́?"

"Àwòrán rẹ á dúró."

Ojú Adúmáadán tàn.

"Ṣùgbọ́n a ti yọ oríkì. Wàá kọ ohun tó wà nínú àwòrán náà sábẹ́ rẹ̀, níhìn-ín, nísinsìnyí, kí ẹni tí kò ríran lè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni wàá kọ. Bí Ìyálóde bá ní irọ́ ni, wàá tún un kọ. Kò sẹ́ni tó máa lọ sílé."

Atúnfóònùṣe ki fláàṣì àtijọ́ kan bọ ẹ̀rọ ààfin. Kàákíngbọ́ jí. Adúmáadán tẹ̀, ó tẹ̀, òógùn ń bọ́.

"Àwòrán arẹwà ọkùnrin," ni ohùn irin náà kà.

"Irọ́!" Ìyálóde ní.

"Àwòrán ọkùnrin tí àwọn kan ń pè ní arẹwà."

"Àwọn wo? Kí wọ́n jáde wá."

"Àwòrán ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń pè ní arẹwà."

"A ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ."

Ó pa á rẹ́. Ó tún kọ. Ó pa á rẹ́. Ọ̀tún jáde lábẹ́ tábìlì, ó bá wọn dá sí i, ó ní kí ó má gbàgbé imú. Òòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé nígbà tí Adúmáadán gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, tó sì tẹ orí ba.

Kàákíngbọ́ kà á láìfi iyọ̀ sí i: "Àwòrán ọkùnrin kan. Irun iwájú orí rẹ̀ ti ń lọ. Imú rẹ̀ gbòòrò bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wo òun."

Gbogbo ojú yí sí Ìyálóde. Ìyálóde wo àwòrán, ó wo ọkùnrin náà. Kò pè é nírọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kó tún un kà," Ìyá Atẹ̀wé ní.

Kàákíngbọ́ tún un kà. Obìnrin náà kọ ojú sí ibi tí òórùn lọ́fínńdà ti ń wá, ó tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fi tán.

"Ọkọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, òní ni mo kọ́kọ́ rí yín," ó ní. "Ẹ ò sì burẹ́wà rárá."